Ẹni Tí Wọn Kò Fẹ́ Pè Ní Hẹ́fà

Àwọn tó ni odò ẹran náà, òkè òkun ni wọ́n ti wá, èdè Sípéènì ni wọ́n sì ń bá ara wọn sọ. Àwọn alápatà tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó ni ibẹ̀, tó bá jẹ́ ọkùnrin, Patirónù ni. Tó bá jẹ́ obìnrin, Patiróònà. Olórí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pa màlúù, tó bá jẹ́ ọkùnrin, Hẹ́fẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ obìnrin, Hẹ́fà. Ṣùgbọ́n Hẹ́fà yìí, ẹnu lásán ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ìgbà kan ṣoṣo ni obìnrin jẹ ẹ́ rí, nígbà tí Patiróònà àkọ́kọ́ di opó, tó so aṣọ mọ́ ìdí gírígírí, tó sì gba orí gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀. Wọ́n ní pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà. Wọ́n ní ó na alápatà kan títí onítọ̀hún fi tọ̀ sára. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin ló ń jẹ olórí, ọ̀rọ̀ Hẹ́fà wá di ohun tí àwọn àgbàlagbà fi ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Oyè yìí kì í ṣe ti fáàrí o. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lára ògiri iwájú gbọ̀ngàn náà tó ń fa ẹ̀wọ̀n irin káàkiri abẹ́ àjà. Ìkọ́ ló rọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n náà lọ́tùn-ún lósì, ó mú bí eyín ajá. Tí wọ́n bá ti fi òòlù lu màlúù lágbárí tó ṣubú, wọn á fi ìkọ́ há a níṣan ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á gbé e sókè, á máa gbé e lọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dúńbú dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bó awọ, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ayùn là á sí méjì. Olórí gbọ̀ngàn ló ń dúró nídìí bíréèkì ẹ̀rọ. Kò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, nítorí okùn irin tó ń wé mọ́ àgbá ẹ̀rọ náà gbọdọ̀ wé tẹ̀léra tẹ̀léra. Tó bá gun ara rẹ̀, á já, ẹni tó bá sì já lù, ṣọ́bìrì ni wọ́n á fi kó o. Nítorí náà, ojú olórí wà lára okùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí àwọn èèyàn rẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe wá mọ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn? Ariwo ni gbogbo ibẹ̀. Màlúù ń ké, ayùn ń ké, ẹ̀wọ̀n ń ró wọnran wọnran, àwọn alápatà ń bú ara wọn ní ìyá ní bàbá láti àárọ̀. Ẹni tó bá pariwo "Yéè," ta ni yóò wò ó? Ẹni tó bá ní "Dúró," ẹran ni wọ́n á rò pé ó ń bá wí. Ni wọ́n bá fi ṣòfin, láti ayé Patiróònà àkọ́kọ́, pé oyè olórí ni ọ̀rọ̀ tó ń dá ẹ̀rọ dúró. Ní ẹnu géètì láàárọ̀, kálukú á fi oyè náà kí olórí, kó lè hàn pé abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọnú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́, àfi tí ọ̀ràn bá dé. Tí wọ́n bá ti pè é pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ olórí á ti fa bíréèkì wálẹ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ti fà á.

Obìnrin tí Patiróònà tuntun, tó jogún ibẹ̀, wá fi jẹ Hẹ́fà, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó rí tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Opó ni. Alápatà ni ọkọ rẹ̀, akọ màlúù ló fi ìwo tú u nífun nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an, obìnrin náà kò sì tíì bímọ fún un. Nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ ní kó kẹ́rù rẹ̀ kó máa lọ, pé kí ló tún ń wá láàárín àwọn, ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé àpótí síta, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyàwó mi ni. Ẹni tó bá fẹ́ lé e, kó kọ́kọ́ gbé òkú mi kọjá." Kò sẹ́ni tó tún dán an wò. Láti ìgbà náà, ìyá yìí ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní láyé. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fi omi gbígbóná jó orúnkún ìyá náà, á fi òróró ra á, ìyá á máa sọ pé, "Ìyàwó mi, rọra, eegun ni o, kì í ṣe ẹran màlúù."

Ìfun ló ń fọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí ojú Hẹ́fẹ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí kò rí okùn irin dáadáa mọ́, òun ni bàbá náà mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kó máa bá òun wo okùn. Ìyẹn ló jẹ́ pé nígbà tí bàbá náà padà sílé lọ sinmi, kò sẹ́lòmíràn tó mọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó ti ń retí ipò yẹn tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, alápatà gìrìwò kan tí wọ́n ń pè ní Apá-Irin, tó lè fi ọwọ́ kan gbé ọmọ màlúù kó sì máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Òun ló ń fi ìkọ́ há ẹran lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí Patiróònà kó gbogbo wọn jọ sẹ́nu géètì, tó ní kí wọ́n kí Hẹ́fà wọn, àwọn yòókù ń wo ojú Apá-Irin. Apá-Irin tutọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó àbúrò mi nìyí. Tó bá dé ilé, òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún mi. Kí n wá jí láàárọ̀ kí n máa kí i ní ọ̀gá? Hẹ́fà kẹ̀. Ẹ̀fà ni mo mọ̀. Èyí ò sì tíì pé ẹyọ kan, ẹ ò rí bó ṣe tín-ín-rín ni?"

Ẹ̀rín bú. Ó wá yíjú sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó fi ohùn tó dùn bí oyin sọ pé, "Ìyàwó, o jíire?"

Kí ni ìyàwó ilé yóò ṣe? Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló kí i. Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. "Ẹ káàárọ̀ o, bọ̀dá mi." Ẹ̀rín ọ̀tẹ̀ yìí tún pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ni gbogbo odò ẹran ń pè é, àtọmọdé àtàgbà, títí kan àwọn tó ń gbá ìgbẹ́ màlúù. Ìyàwó, wá wo okùn. Ìyàwó, ẹ̀rọ ti gbóná. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, wọn á fà á gùn bí ẹni ń kọrin, ẹ̀ka kan á pè, ẹ̀ka kejì á gbè é.

Kò tán síbẹ̀. Apá-Irin kó wọn jọ sẹ́yìn ilé awọ, ó gbé korobá ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sáàárín, ó ní kí kálukú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó sì búra pé òun kò ní pe obìnrin yẹn ní Hẹ́fà láéláé, ìbáà ṣe ní géètì, ìbáà ṣe lójú ikú. Ó ní ẹni tó bá pè é, àwọn yóò fọ́ ẹnu tó fi pè é. Gbogbo wọn ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fi ayùn la ẹran, ọkùnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Baba Ayùn, òun náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí kò fẹ́ wàhálà.

Ẹnu Baba Ayùn ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́. Kò pẹ́ rárá. Ìkọ́ kan ló tú lára ẹran, odindi akọ màlúù sì ń fì bọ̀ wá bá a látẹ̀yìn bí ilẹ̀kùn tí ìjì gbá. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Kò ráyè ronú. Ẹnu rẹ̀ ló pè é fúnra rẹ̀: "Hẹ́fà!" Bíréèkì dún gbì, ẹ̀wọ̀n dúró, ìwo ẹran náà fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀tì bàbá náà kò sì wọlé.  Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yíjú padà, ó rí bàbá náà, ó rí ojú àwọn yòókù lára rẹ̀. Ojú wọn kò jọ ojú ẹni tó ń báni dúpẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbọ́ nǹkan tó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi kùmọ̀ lu awọ tútù. Ó gba ẹ̀yìn ilé awọ lọ. Wọ́n ti mú Baba Ayùn lápá lọ́tùn-ún lósì, Apá-Irin dúró níwájú rẹ̀, ó ń kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu. Kò kánjú. Tó bá kàn án tán, á sinmi, á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á tún kàn án. Eyín iwájú ti wà nílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ àtẹ̀jẹ̀. Bàbá náà kò pariwo mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń hó lẹ́nu rẹ̀ tó bá mí.

 Pẹ́lẹ́ńgẹ́ já ìkọ́ ọwọ́ kan lára ògiri, ó gbé e lé ẹni tó di apá ọ̀tún bàbá náà mú. Ìkọ́ náà wọ itan rẹ̀, ó sì fà á. Onítọ̀hún fi bàbá sílẹ̀, ó ń yí nílẹ̀ bí ẹran tí wọn kò dúńbú tán. Ó tún fẹ́ gbé e lé ẹnì kejì ni Apá-Irin gba ọwọ́ rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ títí ìkọ́ fi já bọ́, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a létí tó bẹ́ẹ̀ tó fi fi orí gbá ògiri. Ó tún fà á dìde, ó tún gbá a.

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ẹ rí i pé n kò na ọ̀gá o. Ìyàwó ilé wa ni mo ń bá wí. Ta ló máa bi mí?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bi í. Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ délé, tí ojú rẹ̀ ti wú dí, ìyá ọkọ rẹ̀ béèrè ẹni tó nà án. Ó ní ẹran ló ta òun nípàá. Ìyá náà wo ojú rẹ̀ títí, ó ní ẹran tó ní ìka márùn-ún ni, kó má parọ́ fún òun. Nígbà tí Apá-Irin sì wọlé, ìyá yìí gbé ọ̀pá, ó là á mọ́ ọmọ rẹ̀ léjìká, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ní tó bá tún fọwọ́ kan ìyàwó òun, òun á tú sí ìhòòhò fún un láàárín ọjà. Apá-Irin dọ̀bálẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀. Kò bẹ Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Patiróònà. Ó pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí yàrá ìṣirò, ó ní kó jókòó. Odò ẹran níbẹ̀ ni wọ́n bí Patiróònà sí, ó gbọ́ èdè àwọn òṣìṣẹ́ ju èdè bàbá rẹ̀ lọ. Ó ní òun lè lé Apá-Irin, ṣùgbọ́n tí òun bá lé e, gbogbo wọn ni yóò tẹ̀ lé e jáde, ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ wá kó ẹran sì ti wà lójú ọ̀nà. Ó ní gbọ̀ngàn tí wọn kò ti lè pe olórí, ibojì ni. Òun yóò fún un láyè títí ọkọ̀ náà yóò fi kẹ́rù tán. Tí wọn kò bá tíì máa pè é títí di ìgbà náà, òun yóò gbé bíréèkì fún ẹni tí wọ́n lè pè, ìyẹn náà ni Apá-Irin. Òun Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á padà sídìí ìfun.

Ó wá sún mọ́ ọn, ó ní, "Ìwọ lo fà á. Wọ́n ń pè ọ́ ní ìyàwó, o sì ń jẹ́ wọn. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ wá orúkọ mìíràn pè ọ́?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ro ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé, ó rò ó padà wá. Ó mọ̀ pé abẹ́ Apá-Irin kò ní ṣe é gbé, ìdí ìfun kọ́, kódà ìdí àtàn. Lọ́jọ́ kejì, kó tó tan ẹ̀rọ, ó gun orí ìtì igi tí wọ́n fi ń gé egungun. Gbogbo wọn ló gbójú sókè wò ó.

Ó ní, "Ẹ gbọ́. Nílé ọkọ mi, ìyàwó ni mo jẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lè rán mi níṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú gbọ̀ngàn yìí, kò sí ìyàwó kankan. Ẹni tó bá pe ìyàwó níbí, ògiri ló ń pè. Ìbáà kú, n kò ní wẹ̀yìn wò ó."

Apá-Irin pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó ti bínú," ló sọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ó mú un ṣẹ. Wọ́n pe ìyàwó, wọ́n pè é tì. Wọ́n fà á gùn, wọ́n fi pàtẹ́wọ́ sí i, ó ń wo okùn irin rẹ̀ bí adití. Níbẹ̀rẹ̀, ọrùn rẹ̀ máa ń fẹ́ yí, á sì fi eyín di ètè mú. Nígbà tó yá, kò tún fẹ́ yí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú ariwo lọ bí igbe màlúù. Ẹni tó ń bó awọ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ wọnú egungun, ó pe ìyàwó títí, ẹ̀wọ̀n kò dúró. Ó fi aṣọ di ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ń bú u. Ara gbogbo wọn ti ń gbóná. Iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn ti dé, ẹran ń wọlé láìdábọ̀, ilẹ̀ kì í gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ń mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Baba Ayùn padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ẹnu tó wú bí kànrìnkàn, omi ẹ̀kọ nìkan ló lè mu. 

Akọ màlúù dúdú kan ni wọ́n mú wọlé lọ́jọ́ kan, ó ga tó ọkùnrin. Ẹni tó ń lo òòlù lù ú, ó ṣubú, ṣùgbọ́n òòlù náà kò bá a dáadáa. Apá-Irin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ki ìkọ́ bọ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti fọwọ́ kan di ẹsẹ̀ ẹran mú, ó fọwọ́ kejì fa ìkọ́ wálẹ̀, nígbà náà ni ẹran náà jí, ó sì ta ẹsẹ̀. Ìkọ́ fò. Kàkà kó wọ iṣan ẹran, ọwọ́ Apá-Irin ló wọ̀, láàárín egungun méjèèjì tó wà lókè ọrùn ọwọ́, ó sì yọ lódì kejì. Ẹ̀wọ̀n kò mọ̀ bóyá ẹran ni tàbí èèyàn. Ó gbé e.

Ó gbé e kúrò nílẹ̀ tòun ti gbogbo ẹran ara tó ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù, bàtà rẹ̀ kan já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń gbé e lọ sí igun gbọ̀ngàn, níbi tí ẹ̀wọ̀n ti ń ṣẹ́rí padà. Àgbá irin wà níbẹ̀, tí ìkọ́ ń gba àlàfo kékeré lábẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìkọ́ nìkan ni àlàfo náà gbà. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Apá-Irin pariwo, "Ìyàwó!"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo okùn. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ó sì jẹ́ kó kọjá.

"Ìyàwó! Ìyàwó o!"

Ẹni tó ń dúńbú ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fẹ́ sáré gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ yọ̀ ọ́, ó ṣubú gbàlà. Ẹni tó ń bó awọ lanu, ó wo Apá-Irin, ó tún pa ẹnu rẹ̀ dé, nítorí ẹni tó mú wọn búra náà ló ń fì lókè yẹn, kò sì tíì dá wọn sílẹ̀ nínú ìbúra náà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn dúró, tọwọ́ tẹsẹ̀, bí ẹran tó ń retí òòlù.

Ohùn ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ ọ lọ́tọ̀. Kò sí orin nínú rẹ̀. Ohùn ilé ni, ohùn ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀, ohùn tí ọkọ rẹ̀ náà fi ké lọ́jọ́ tí ìwo wọlé sí i lára. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bíréèkì. Ọwọ́ náà kò sì jìnnà síbi kankan, bó bá ṣe pé ó mí sí i báyìí, á wálẹ̀. Ìdí etí rẹ̀ tí wọ́n gbá mọ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé: pè mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Pè mí, bọ̀dá.

Ohun tó pè ni ìyàwó. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn náà sì já láàárín.

Nígbà náà ni ẹnì kan ké láti ìdí ayùn, pẹ̀lú erìgì lásán, tí ọ̀rọ̀ náà fi ń tú bí omi lẹ́nu rẹ̀: "Hẹ́fà!" Bíréèkì dún. Ẹ̀wọ̀n dúró. Nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn gbọ́ bí egungun ṣe ń parí rírún lábẹ́ àgbá irin, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń jẹ ìrèké.

Ẹ̀rọ kì í padà sẹ́yìn. Baba Ayùn ló gun àkàbà lọ gé ọwọ́ Apá-Irin nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló mọ̀ ọ́n gé jù. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ já gèlè orí rẹ̀, ó fi so ohun tó kù níbẹ̀ gírígírí títí ẹ̀jẹ̀ fi dín kù. Apá-Irin la ojú, ó ń wò ó lókèèrè lókèèrè. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò tó ń kó ẹran, láàárín ẹran, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ọwọ́ náà kù sókè. Ọ̀pá ni wọ́n fi tì í wálẹ̀.

Nígbà tí Baba Ayùn ń fọ ọwọ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá náà kò wò ó. Ó ní, "Mo rí i látìgbà tó ti kúrò nílẹ̀. Èmi náà kọ́kọ́ dákẹ́." 

Ilẹ̀ mọ́. Apá-Irin kò kú. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò wọlé sùn, ó ní iṣẹ́ ọkọ̀ ń lé òun, orí àpò ìdọ̀họ lẹ́bàá ilé awọ ló sùn. Nígbà tó jáde sí géètì, àwọn alápatà ti tò. Ẹni tó ń dúńbú ló ṣíwájú. Ó ṣí fìlà. "Hẹ́fà," ló wí. Ẹni tó ń bó awọ tẹ̀ lé e, "Hẹ́fà." Ẹni tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ìkọ́ ya nítan náà tiro wá, ó ní, "Hẹ́fà, ẹ kú àárọ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Patiróònà dúró lójú fèrèsé, ó mi orí sí i, ó sì wọlé.

Ó fẹ́ yíjú padà sínú gbọ̀ngàn ló rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ lójú títì. Kò jáde nílé báyìí rí látìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti dun ún. Ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́, ọsibítù ló ti ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà létí aṣọ rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré pàdé rẹ̀ pé kó fara ti òun. Ìyá náà gbé ọ̀pá sáàárín àwọn méjèèjì.

Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ mi pè ọ́."

"Màámi, ariwo pọ̀ níbẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ariwo. Ọ̀kan ni mo fẹ́ bi ọ́, èmi àti ìwọ kì í sì parọ́ fúnra wa. Ohun tí èmi ń pè ọ́ ló pè ọ́. Ṣé o gbọ́?"

Àwọn alápatà ń gbọ́. Ó lè sọ pé òun kò gbọ́. Gbogbo wọn ni yóò bá a jẹ́rìí sí i, ìbẹ̀rù rẹ̀ tó wà lára wọn láàárọ̀ yẹn á mú wọn jẹ́rìí sí ohunkóhun. Ó wo orúnkún ìyá náà tó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, tí kò tíì sẹ́ni tó fi omi jó láti àná.

Ó ní, "Mo gbọ́, màámi. Ẹ̀ẹ̀kejì tó pè, mo gbọ́."

Ìyá náà mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.  Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, orúnkún tó dára ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó ń dùn ún. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ó nawọ́ sí i, ìyá náà yẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ẹnu géètì níwájú ẹni tó jẹ́ aya ọmọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Hẹ́fà," ni ìyá náà wí. "Màá ní kí wọ́n kó ẹrù yín wá bá yín níbí."

Baba Ayùn ló wá gbé e dìde, tó mú un lápá, tí wọ́n jọ ń lọ lójú títì díẹ̀díẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wò wọ́n lọ. Nínú gbọ̀ngàn, màlúù ti ń ké, ẹran ọkọ̀ kò sì tíì parí. Àwọn ọkùnrin rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò wọlé, wọ́n ń retí kó kọ́kọ́ wọlé.